Arábìnrin ọmọ Alabama kan bá mi tan nínú DNA: báwo la ṣe ń tọpa ìdílé ní Dallas County?

Akínlàbí_Ìmẹ̀kọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá.

Ìyàwó mi ra páálí DNA fún mi lọ́jọ́ ìbí mi lọ́dún tó kọjá. Mo tutọ́ sínú ìgò, mo fi ránṣẹ́, mo gbàgbé ẹ̀. Àfi bí arábìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe kọ̀wé sí mi pé orúkọ mi jáde láàárín àwọn tó bá òun tan. Detroit ló ń gbé, ṣùgbọ́n Dallas County ní ìpínlẹ̀ Alabama ni ilé wọn, ní ìgbèríko kan lẹ́yìn Orrville, kò jìnnà sí Selma.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni mí. Ìtàn ogun Dàhòmì ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá nílé nígbà tá a wà lọ́mọdé. Ẹ sì mọ ọkọ̀ Clotilda, èyí tó kó àwọn èèyàn láti Ouidah dé Mobile ní 1860, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti 1808. Wọ́n ta lára wọn lọ sókè odò, Dallas County gan-an ni wọ́n ta àwọn kan sí. Kí ló tún kù? Ó dá mi lójú pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti jí ìyá ńlá arábìnrin yìí gbé. Mo tiẹ̀ ti ń pè é ní àǹtí báyìí.

Ìwé tó máa fi í hàn ni mò ń wá. Níbo la ti ń bẹ̀rẹ̀ ní irú kántì (county) bẹ́ẹ̀? Ṣé kọ́ọ̀tù wọn máa ń gbà káni wo ìwé?

Ìyá_Ìbejì_Bama

Káàbọ̀, àbúrò mi. Birmingham ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì ti gbé mi káàkiri ìgbèríko Dallas County, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Ibẹ̀ ni mo ti kó àrùn ìtàn ìdílé. Arúgbó tí kò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀ á máa ka orúkọ ìyá ìyá ìyá rẹ̀ fún ẹ lórí ibùsùn.

Gbé Clotilda sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ọ̀dọ̀ àwọn tó wà láàyè la ti ń bẹ̀rẹ̀. Sọ fún àǹtí rẹ kó wá ìwé ètò ìsìnkú gbogbo àgbà tó ti kú nílé wọn. Inú Bíbélì ni wọ́n sábà máa ń tọ́jú ẹ̀ sí: orúkọ òbí olóògbé, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ṣèrìbọmi, itẹ́ òkú tí wọ́n sin ín sí. Kó tún béèrè ẹni tó jẹ́ akọ̀wé ìpàdé ẹbí wọn, èyí tí wọ́n máa ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo wọn á wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà bí a ṣe ń wọ aṣọ ẹbí.

Ó tún kan ìwé ẹ̀rí ikú. Láti 1908 ni Alabama ti ń kó ti gbogbo ìpínlẹ̀ jọ. Wọ́n máa ń béèrè orúkọ bàbá àti ìyá òkú, nítorí náà ẹni tó kú ní 1920 lẹ́ni àádọ́rin ọdún lè fi orúkọ òbí tó jẹ́ ẹrú hàn ọ́.

Ìkànìyàn ńkọ́? Ọdún 72 ni ìjọba fi ń pa orúkọ àwọn èèyàn mọ́ kí gbogbo ayé tó rí i. Ti 1950 ló ṣí kẹ́yìn, ní oṣù April 2022. Bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí o máa rìn sẹ́yìn ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ti 1900 ni mo fẹ́ràn jù, torí wọ́n kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n bí èèyàn, wọ́n sì bi àwọn ìyá léèrè iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tó kù láyé. Wàá rí obìnrin tó bí mọ́kànlá tó ku mẹ́rin, wọn ò sì kọ ohun tó pa àwọn yòókù. Ti 1890 ti bá iná tó jó ní Washington ní January 1921 lọ. Díẹ̀ tó kù nínú ẹ̀ fún Alabama, Perry County ló ti wá, kántì tó múlé ti Dallas. Àwọn ará Perry ló jẹ oríire, kì í ṣe tiwa.

1870 ni ibi tí ọ̀nà ti ń dí. Òun ni ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ti jẹ́ ẹrú. Kò sì sọ ẹni tó bí ẹni, 1880 ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Títí o fi máa dé 1870, má tíì dárúkọ ọkọ̀ ojú omi kankan.

Kọ́ọ̀tù Selma máa ń gbà. Ọ̀dọ̀ adájọ́ ọ̀rọ̀ ogún ni ìwé ilẹ̀, ìwé ogún àti ìwé ìgbéyàwó wà. Wọ aṣọ tí eruku ò ní dùn ẹ́ lórí ẹ̀.

Arókin

Ìyá Ìbejì ti sọ̀rọ̀ àgbà. Èmi á fi ìṣirò díẹ̀ tì í.

Ní 1860, kò sí kántì tí ẹrú pọ̀ sí ní Alabama tó Dallas. Wọ́n lé ní 25,000. Gbogbo àwọn tí Clotilda kó ò ju nǹkan bí 110 lọ, Mobile lọ́hùn-ún ni ọ̀pọ̀ wọn sì wà. Ibo wá ni àwọn yòókù ti wá? Virginia, Carolina méjèèjì, Georgia. Ilẹ̀ tó ń hu òwú ló fa àwọn olówó wọn wá láti nǹkan bí 1818 tí wọ́n dá kántì náà sílẹ̀, wọ́n sì ń da ẹrú wọn níwájú. Ọ̀pọ̀ ló fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀.

Èkejì, ìgbà tí ilẹ̀ Yorùbá gbóná jù, tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun ń lé ogun, Amẹ́ríkà ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà náà. Bahia ní Brazil àti Cuba ni wọ́n ń gbé àwọn èèyàn wa lọ. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá gbà lójú òkun ló ń dé Freetown. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń pè ní Lukumí fi wà ní Havana, tí àwọn tí wọ́n ń pè ní Nagô wà ní Salvador ní Bahia, tí o kò sì gbọ́ irú ẹ̀ ní Selma. Mi ò ní Yorùbá kò dé Amẹ́ríkà láyé ẹrú o. Wọ́n kéré ni.

Nítorí náà, kó o tó kọ ọ́ sínú ìtàn ìdílé rẹ pé Clotilda ló gbé e lọ, mú ẹ̀rí wá.

Ọmọ_Bantè

Mo kí yín láti Kútọnu. Ẹ̀gbọ́n Arókin, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìṣirò gbé àwọn tó dé ibẹ̀ mì.

Kossola tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis, agbègbè wa ní Bantè ni wọ́n ka ilé rẹ̀ sí. Africatown lẹ́bàá Mobile ló kú sí ní 1935, gbogbo ayé sì gbà pé òun ló kú kẹ́yìn nínú àwọn tí Clotilda kó. Àfi ìgbà tí olùwádìí kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hannah Durkin, rí obìnrin méjì tó pẹ́ láyé jù ú lọ. Ẹ sì wo ibi tí àwọn méjèèjì wà: Dallas County. Redoshi, tí wọ́n ń pè ní Sally Smith, gbé ní Bogue Chitto títí ó fi kú ní 1937. Matilda McCrear kú ní Selma ní January 1940.

Ti Matilda yìí ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ Yorùbá ni Durkin pè é. Ọmọ nǹkan bí ọdún méjì ni nígbà tí ogun Dàhòmì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní Alabama, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Memorable Creagh ra òun, ìyá rẹ̀ tí wọ́n pè ní Gracie, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan. Wọ́n ta ẹ̀gbọ́n méjì tó kù síbòmíràn, ojú wọn ò kanra mọ́ títí ayé. Nígbà tó di òmìnira, ó yí orúkọ olówó rẹ̀ padà kúrò ní Creagh sí McCrear. Ní 1931, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì 15 lọ sí kọ́ọ̀tù Selma láti sọ fún adájọ́ pé ó yẹ kí wọ́n fún òun ní nǹkan fún bí wọ́n ṣe kó òun wá. Wọn ò dá a lóhùn. Ohun kan ṣoṣo tó jèrè ni pé oníwèé ìròyìn Selma fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sì kọ nípa ilà ojú rẹ̀ àti bó ṣe ń dirun bíi ti ilé.

Ọmọ ọmọ rẹ̀, Johnny Crear, wà lára àwọn tó jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú ní Selma láwọn ọdún 1960. Kò mọ ìtàn ìyá àgbà rẹ̀ yìí àfi ìgbà tí olùwádìí náà sọ fún un, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà.

Jagun_Lábẹ́

Máìlì 15, lẹ́sẹ̀, lẹ́ni àádọ́rin ọdún, tó tún máa rìn ín padà. Ẹ jọ̀ọ́, mo lọ mumi ná.

Akínlàbí_Ìmẹ̀kọ

Ọmọ Bantè, o ṣeun. Bàbá Arókin, ẹ mà fẹ́ da omi sí mi lọ́kàn. Ilé-iṣẹ́ DNA ò sọ pé bóyá, wọ́n ní a jọ tan. Bí Matilda bá lè wà ní Dallas County, kí ló dé tí ti ìyá ńlá àǹtí mi ò lè rí bẹ́ẹ̀?

Títí_Aláwárí

Ẹ̀gbọ́n Akínlàbí, ẹ má bínú, mo fẹ́ béèrè nǹkan. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n kọ cM sí lẹ́yìn, òun ni ìwọ̀n DNA tí ẹ jọ ní. Èló ni? Ọdún wo ni wọ́n bí i? Ṣé ó mọ ìyá àti bàbá rẹ̀?

Akínlàbí_Ìmẹ̀kọ

431. 1978 ni wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ ni ọmọ Orrville. Kò mọ bàbá rẹ̀. Ìyá náà kú ní 2019 láìsọ fún un. Kí ni ìyẹn kàn pẹ̀lú Clotilda?

Títí_Aláwárí

Kò kàn án rárá, ibẹ̀ ni mo ń bọ̀.

DNA tí àwọn ẹbí jọ ní máa ń dín kù níran kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó jẹ́ pé bàbá bàbá bàbá àgbà ló pa wọ́n pọ̀, nǹkan bí 70 ni wọ́n sábà máa ń ní. Bó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n kó lọ ní 1860 ló pa yín pọ̀, kẹ́ ẹ rí 20 tàbí 30, ẹ máa dúpẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò tiẹ̀ ní jáde. 431 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé ìgbà ogun. Ẹni tó pa yín pọ̀ wà nítòsí, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti jẹun nínú àwo rẹ̀ rí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, tí bàbá wọn jẹ́ ọmọ ìyá, máa ń ní nǹkan bí 850. Bí àwọn bàbá náà bá jẹ́ ọbàkan, á já sí ìdajì, 400 àti díẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà tí èèyàn fi lè dé 431, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ò mọ ilé olórogún, ti ọbàkan yìí lè má sì sí lára àbá tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú yín. Èmi mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Ẹ bá mi bi í bóyá Nàìjíríà pẹ̀lú Benin àti Togo kó nǹkan bí ìdajì nínú àbájáde rẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ ti ilé wá. Ó ku ìbéèrè méjì fún yín: ìyàwó mélòó ni bàbá àgbà yín fẹ́? Ta ni nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà ní Amẹ́ríkà ní 1977?

Jagun_Lábẹ́

Yéè! Ọkọ̀ ojú omi ti di ọkọ̀ òfuurufú mọ́ wa lójú o.

Akínlàbí_Ìmẹ̀kọ

Mi ò sùn lánàá.

Ìyàwó mẹ́ta ni. Bàbá mi jẹ́ ọmọ ìyálé. Ọmọ ìyàwó kẹta, tí a ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Amẹ́ríkà, lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Alabama láti 1974 sí 1979, ìjọba ló san owó ẹ̀. Ẹni tó ń fi fọ́tò ara rẹ̀ hàn wá níbi tó ti jókòó lórí kátakàtà, tí irun rẹ̀ rí rúbúdú! Abẹ́òkúta ló wà báyìí, ó ti fẹ̀yìn tì, àgbà ìjọ ni, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin wà. Arábìnrin náà ti fèsì: ó ju ìdajì lọ díẹ̀.

Ṣé kí n gbé e sórí WhatsApp ẹbí ni àbí kí n ṣe báwo?

Arókin

Má dán an wò! Irú ọ̀rọ̀ yìí, ojúkojú ni wọ́n ń sọ ọ́. Dúró di ìgbà tó o bá lọ sílé, kí ìwọ àti àgbà kan nínú ẹbí jọ lọ bá a ní ìdákọ́ńkọ́, kí ìyàwó rẹ̀ má gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ kékeré. Ilé ọkùnrin yẹn kì í ṣe ibi tí a ń ju òkò sí.

Ìyá_Ìbejì_Bama

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ilé ọkùnrin, ìyàwó ọkùnrin, ìjọ ọkùnrin. Obìnrin tó ti ń wá bàbá láti ìgbà tó ti gbọ́njú ńkọ́? Ẹ ní kó dúró di ìgbà tí owó ọkọ̀ bá jọ? Akínlàbí, òun ni kó o kọ́kọ́ bi, bóyá ó fẹ́ kí wọ́n sọ fún bàbá yẹn, àti ẹnu ta ni kó ti jáde.

Títí_Aláwárí

Mo wà lẹ́yìn Ìyá Ìbejì. Kẹ́ ẹ sì má tíì pe ẹnikẹ́ni ní bàbá ẹnikẹ́ni títí bàbá náà fi máa ṣe ìdánwò tirẹ̀. Ọkùnrin tí bàbá àgbà yín bí lè ju ẹyọ kan lọ ní Alabama, ẹ ò mọ̀.

Akínlàbí_Ìmẹ̀kọ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Mo bi í. Ó ní kí n sọ, kí n má fi nǹkan kan pa mọ́. Mo pe àǹtí bàbá mi ní Abẹ́òkúta, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sílé Bọ̀ọ̀dá, wọ́n fi fóònù lé wọn lọ́wọ́. Mo sọ orúkọ ìyá ọmọ náà. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo rò pé iná ti lọ. Wọ́n wá ní, "Ṣé ó wà?" Mo ní ó ti kú. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, àwọn á pè mí padà.

Aago márùn-ún àárọ̀ wọn ni wọ́n pè. Wọ́n ní àwọn kọ lẹ́tà, kò fèsì, àwọn rò pé ó ti lọ́kọ. Èmi ò sí níbẹ̀, mi ò ní ṣe adájọ́. Ohun tó dá mi lójú ni pé wọ́n ti gbà láti tutọ́ sí ìgò, ìyá ilé ti mọ̀, ilé náà ò sì rọgbọ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ibi tó wá yà mí lẹ́nu ni ti arábìnrin náà. Mo rò pé á ní ká fi Dallas County sílẹ̀. Ó ní rárá, ibẹ̀ ni ilé òun, bàbá tí òun rí ò yí ìyẹn padà. Ilẹ̀ éékà 40 kan wà lẹ́yìn Orrville tí bàbá ìyá àgbà rẹ̀ rà. Kò ṣe ìwé ogún kankan kó tó kú, ọmọ rẹ̀ kan ò sì ṣe. Ní báyìí, ọmọ ẹbí kan ní Chicago fẹ́ ta ìpín tirẹ̀, ó fẹ́ gba kọ́ọ̀tù lọ. Arábìnrin náà ń bẹ̀rù pé gbogbo ilẹ̀ náà máa bá a lọ.

Ìyá_Ìbejì_Bama

Hẹn, a wá dé orí ọ̀rọ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ìgbèríko yẹn. Gbogbo àrọ́mọdọ́mọ ló ni ín papọ̀, bíi ilẹ̀ ẹbí lọ́dọ̀ wa, àmọ́ lójú òfin wọn ẹnì kan ṣoṣo lè ní kí kọ́ọ̀tù pín in, bí kò bá sì ṣeé pín, wọ́n á tà á. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ló bọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Alabama ti ṣe òfin tuntun ní 2014, ó ti dẹ̀ díẹ̀: wọ́n gbọ́dọ̀ díyelé ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fún àwọn ará ilé yòókù láyè láti ra ìpín ẹni tó fẹ́ tà. Kó wá lọ́yà tó mọ iṣẹ́ yìí kíákíá. Ohun àkọ́kọ́ tí lọ́yà náà máa béèrè ni ìwé ìran: ta ló bí ta, ta ló kú, ta ló kù. Ìdí tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu lórí ìwé ikú nìyẹn.

Bó bá wá fẹ́ kọjá 1870, kó má wo orúkọ ìdílé nìkan. Gee's Bend wà ní Wilcox, kántì tó tẹ̀ lé Dallas, ibi tí àwọn obìnrin ti ń rán aṣọ ìbora alábùlẹ̀ tó lókìkí yẹn. Ní 1846, Mark Pettway kó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹrú wá síbẹ̀ láti North Carolina, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín. Títí dòní, Pettway ni orúkọ ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló bá ara wọn tan. Ẹlòmíràn sì wà tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ olówó rẹ̀ sétí, tó mú òmíràn.

Àwọn aládùúgbò ni kó wò. Kó mú ojú ewé ìdílé rẹ̀ nínú ìkànìyàn 1870, kó ka ilé mẹ́wàá sókè, mẹ́wàá sísàlẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wà lóko òwú kan náà sábà máa ń wà nítòsí ara wọn ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn òmìnira. Kó wá òyìnbó olówó tó wà láàárín wọn, kó lọ wo orúkọ ẹ̀ nínú ìwé ẹrú ti 1860. Kò sí orúkọ ẹrú níbẹ̀, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ni. Ẹni ọdún 50 ní 1870 máa jẹ́ 40 níbẹ̀, bó bá jẹ́ pé wọn ò ṣì í kọ. Ìwé ogún olówó náà ló máa ń lórúkọ, torí bó bá kú, wọ́n á ka ẹrú rẹ̀ mọ́ màlúù àti àga, wọ́n á kọ iye owó síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ka irú ẹ̀ fún ìyá arúgbó kan, ó ní kí n dúró níbi iye tí wọ́n dá lé ìyá àgbà òun, ó béèrè iye tí ẹṣin jẹ́ lórí ewé náà.

Alabama tún ka èèyàn fúnra rẹ̀ ní 1866, orúkọ olórí ilé aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀, ìwé olùdìbò 1867 sì wà, tó kọ orúkọ àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀tọ́ ìbò. Montgomery ni wọ́n wà, ní ilé ìṣúra ìwé tí ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ ní 1901.

Arókin

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Mo fi kún un pé kó ṣọ́ra fún ọdún 1865 àti 1866. Cahaba ni olú-ìlú kántì náà tẹ́lẹ̀, kò kó lọ sí Selma àfi ní 1866, lẹ́yìn àkúnya omi, ọdún kan lẹ́yìn tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dáná sun apá kan Selma. Bí ẹ bá rí i tí ìwé kan kọ Cahaba, kántì kan náà ni.

Akínlàbí_Ìmẹ̀kọ

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹ lè bá a yọjú sí Selma bó bá ń bọ̀ láti Detroit, ó ní òun ò mọ ẹnì kankan ní kọ́ọ̀tù náà. Kí ni kó mú dání?

Ìyá_Ìbejì_Bama

Kó fi ọjọ́ tó ń bọ̀ ránṣẹ́, kó má jẹ́ ọjọ́ Ẹtì torí mo máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́. Kó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ìwé ìbí rẹ̀, ìwé ìbí ìyá rẹ̀, ìwé owó orí ilẹ̀ náà tí wọ́n san kẹ́yìn, orúkọ ẹni tó san án, pẹ́ńsùlù, àti owó kékeré fún fọ́tòkọ́pì. Orúkọ àwọn àgbà rẹ̀, kó kọ ọ́ fún mi gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ikú wọn, àṣìkọ tòun ti àṣìkọ. Kó má bá mi tún un ṣe.